Bàbá ìsàlẹ̀ kúrò ní Chicago, mẹ́yọ̀ gba gbogbo rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé bí bàbá ìsàlẹ̀ bá ti kúrò nínú òṣèlú, agbára á bọ́ sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, kó wá kí wa ní Chicago ná.

Láti 1955 títí tó fi kú ní 1976, Richard J. Daley ni mẹ́yọ̀, ìyẹn olórí ìlú, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ Democrat ní Cook County, àgbègbè tí Chicago wà. Òun gan-an ni bàbá ìsàlẹ̀. Bá ẹgbẹ́ náà kó ìbò òpópónà rẹ jọ, ọmọ rẹ á ríṣẹ́ ìjọba. N kò sọ pé ayé ìgbà náà dáa o. Aláwọ̀ dúdú ń kó ìbò fún wọn, egungun ni wọ́n ń jù sí wa. Lóyà kan, Michael Shakman, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 1969, ìgbà tó sì fi máa di 1983, wọn ò gbọdọ̀ tìtorí òṣèlú gbani síṣẹ́ tàbí léni mọ́. Ọdún yẹn náà ni Harold Washington, aláwọ̀ dúdú, wọlé gẹ́gẹ́ bíi mẹ́yọ̀, tí káńsẹ́lọ̀ 29 nínú 50 sì dínà mọ́ ọn títí di 1986. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣì léyín nígbà náà.

Ọmọ Daley, Richard M., di mẹ́yọ̀ ní 1989. Kò ṣe alága ẹgbẹ́ rí, kò tiẹ̀ nílò rẹ̀: owó àwọn oníṣòwò ńlá ló fi ń polongo. Káńsẹ́lọ̀ tó bá fipò sílẹ̀, òun ló ń yan arọ́pò. Ní 1995, aṣòfin Illinois kó ilé ìwé ìjọba lé e lọ́wọ́. Lóru ọjọ́ kan ní 2003, ó ní kí kátápílà gbẹ́ X gàdàgbà sójú ọ̀nà bàlúù ní Meigs Field, pápákọ̀ òfuurufú kékeré kan ní ìlú wa, kí ó lè tì í pa. Bàlúù 16 há síbẹ̀. Kò bi ìgbìmọ̀ kankan.

Ní 2008 ló wá fi ẹ̀rọ owó ìgbọ́kọ̀sí yá ilé iṣẹ́ aládàáni fún ọdún 75. Láàárín ọjọ́ méjì, káńsẹ́lọ̀ 40 ti fọwọ́ sí i, márùn-ún péré ló kọ̀. Oníbàárà mi tó ń ju 25 sẹ́ǹtì sínú ẹ̀rọ kó tó wọlé wá ra ẹ̀lùbọ́, dọ́là kan ló di. Mo lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀ wa. Akọ̀wé rẹ̀ fi sùúrù gbọ́ mi, ó wá kọ nọ́ńbà fóònù ilé iṣẹ́ náà sórí bébà fún mi.

Èmi ni tiyín,
Onísọ́ọ̀bù oúnjẹ kan, Chicago