Obìnrin ti dé ilé agbára o, àmọ́ ta ló ń sanwó fún wọn?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn obìnrin tó ń ṣe lọ́bì (ìyẹn ni pé wọ́n ń lọ bá àwọn aṣòfin kí òfin lè bá ohun tí ẹni tó rán wọn fẹ́ mu) fún àwọn kọ́ńpìnnì ńláńlá ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, inú mi dùn sí i, àmọ́ ẹ yìn wọ́n débi pé ẹ ò rántí béèrè iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn.

Kí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́dún 1920, àwọn náà ń ṣe lọ́bì. Maud Younger àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ nínú National Woman's Party, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò obìnrin, ní káàdì fún gbogbo ọmọ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ó ń mutí, bóyá ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ta ló lè bá a sọ̀rọ̀ tó máa gbọ́ (àwọn màmá yẹn gbọ́n o jàre!). Ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n ń bá kiri.

Nígbà tó wá di 1981, Anne Wexler tó ti bá Ààrẹ Carter ṣiṣẹ́ dá kọ́ńpìnnì lọ́bì tiẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin ló kún iṣẹ́ náà fọ́fọ́, ìyẹn ò kéré rárá. Susan Molinari náà ti ṣe aṣòfin rí, lọ́dún 2012 Google ní kó wá máa darí ọ́fíìsì àwọn ní Washington. Ẹni tó mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kí wọ́n kàn ni kọ́ńpìnnì ń wá, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin.

Obìnrin tá a dìbò yàn, a lè fìbò yọ ọ́. Èyí tí kọ́ńpìnnì gbà síṣẹ́ ńkọ́? Ẹ wo òfin 1993 tó fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó bímọ ní Amẹ́ríkà láyè ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, kò sówó ńbẹ̀ o, síbẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, U.S. Chamber of Commerce, ta kò ó kó tó kọjá. Tó bá jẹ́ obìnrin ni wọ́n rán lọ ta ko irú òfin bẹ́ẹ̀, ṣé a ṣì máa pàtẹ́wọ́ fún un?

Látìgbà òfin 1995 ni àwọn tó ń ṣe lọ́bì ti ń kọ orúkọ oníbàárà wọn àti owó tí wọ́n gbà sínú fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí (kò sá pọn dandan kí wọ́n kọ orúkọ aṣòfin tí wọ́n lọ bá, ọgbọ́n tún wà ńbẹ̀). Tí ẹ bá tún fẹ́ gbé fọ́tò obìnrin kankan jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ oníbàárà ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀.

Èmi òǹkàwé yín