Lẹ́tà sí Àǹtí mi ní Peckham, tó ní mo lọ di darandaran

Àǹtí mi,

Ẹ kú òtútù o, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi sórí WhatsApp ẹbí. Gbogbo ilé ti gbọ́ ọ tán kí èmi tó jí. Ẹ ní àbúrò yín kò rán mi lọ sí yunifásítì kí n wá máa da àgùntàn ní ìpẹ̀kun ayé, ní erékùṣù Lewis yìí. Ẹ tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí a wá ẹnì kan tí yóò máa bá wa bójú tó ilẹ̀ náà, kí a padà sí London, kí a sì máa wá nígbà ooru. Èsì ọ̀rọ̀ yìí kò lè wọnú ohùn ìṣẹ́jú méjì, ni mo fi kọ ọ́. Mo sì kọ ọ́ síta, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń bi mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìmọ̀ràn yẹn kúrò nílẹ̀. Òfin kò gbà á. Croft ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ yìí ní Scotland, a kò sì rà á bí ẹni ra pulọ́ọ̀tì ní Mọ́wé. Ẹ̀tọ́ àtimáa dáko lórí rẹ̀ la gbà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká sí Glasgow àti Kánádà. Crofting Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ croft, tó wà ní Inverness, ló fọwọ́ sí i kó tó bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbà á, ibi tó ń gbé kò gbọ́dọ̀ jìn sí i ju kìlómítà 32 lọ. Ó gbọ́dọ̀ máa ro ó tàbí kó máa sin ẹran níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó di igbó. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù bi wá bóyá a ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí a bá kó padà sí London, wọ́n lè gbà á fún ẹlòmíràn. Owó ilẹ̀ tí a ń san lọ́dún kò tó owó tí ẹ fi ń dirun lẹ́ẹ̀kan ní Rye Lane. Owó tí a kó fún bàbá yẹn ló ga, n kò sì ní dárúkọ iye rẹ̀ níbi tí ìyá mi ti lè kà á.

Òfin kìlómítà 32 yìí ta mí lára o, Àǹtí. Oko kòkó bàbá yín ní Ìdànrè ló mú wá sọ́kàn mi. Ta ló kù nínú wa tó ń gbé nítòsí rẹ̀? Fóònù la fi ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń bá wa wò ó á ya fọ́tò ránṣẹ́, a ò mọ̀ bóyá oko wa ni tàbí oko ẹlòmíràn, a ó sì fowó ránṣẹ́. Ká ní irú òfin yìí wà nílé ni, ilẹ̀ yẹn ì bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹbí wa tipẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an nìyẹn, èmi náà kàn ń yí i ká ni.

Àwọn ará ibí kò rí òfin croft he. Ẹ̀yin tí ẹ bá Ìyá Àgbà sun èèpo kòkó nítorí eérú ọṣẹ dúdú, ìtàn rẹ̀ á tètè yé yín. Láyé àtijọ́, koríko òkun ni wọ́n ń sun létíkun yìí, eérú rẹ̀ sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọṣẹ àti ti díńgí ń rà. Nígbà tí ogun Napoleon dí ọ̀nà èyí tó ń ti Spain wá, owó rẹ̀ ga sókè réré, àwọn onílẹ̀ ló sì ń jẹ èrè ibẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tó o jẹ kò ní lọ dúró nínú omi tútù láti máa gé koríko fún olówó. Ni wọ́n bá gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kó má baà tó ẹnikẹ́ni jẹ. Ìdí tí croft fi kéré nìyẹn, Àǹtí. Tiwa rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn láti ẹ̀bá títì lọ sí etí òkun. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ogun parí ní 1815, owó eérú já wálẹ̀, àwọn onílẹ̀ wá ní àgùntàn ló kù tó lérè. Wọ́n lé àwọn èèyàn kúrò ní abúlé kan tẹ̀ lé òmíràn, ọ̀pọ̀ wọn sì wọkọ̀ lọ sí Kánádà.

Ní 1874, àwọn ará Bernera, erékùṣù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lewis wa níbí, kọ̀ jálẹ̀ fún àwọn tó mú ìwé ìlékúrò wá. Wọ́n gbé mẹ́ta nínú àwọn ará Bernera lọ sílé ẹjọ́ ní Stornoway, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Ní 1882, àwọn obìnrin Braes ní erékùṣù Skye sọ òkúta lu ọlọ́pàá tí wọ́n kó wá láti Glasgow. Òfin dé ní 1886: wọn kò gbọ́dọ̀ lé ọ mọ́ láìnídìí, ọmọ rẹ lè jogún rẹ̀, owó ilẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lápá ibi tí a wà yìí, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ra gbogbo ilẹ̀ Galson Estate ní 2007. Torí náà, ẹni tí mò ń san owó ilẹ̀ fún ni àwọn aládùúgbò mi. Ẹ má tún sọ fún ẹnikẹ́ni pé olówó ilẹ̀ kan ni mò ń sìn.

Ní ti owó, òótọ́ lẹ sọ, àgùntàn kò lè bọ́ wa. Owó irun ara rẹ̀ kò tó owó ẹni tó bá wa rẹ́ ẹ. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, a sì ń sin ẹran kó tó mọ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Gbogbo abúlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ọ̀kan ń hun aṣọ Harris Tweed nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Òfin 1993 ló ní ilé ahunṣọ gan-an ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ hun ún, ní erékùṣù yìí àti àwọn tó tẹ̀ lé e, nítorí náà kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ní kí ni mo ń rí níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin, àsìkò tí àgùntàn ń bímọ, òjò ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Ọmọ àgùntàn kan kú lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òmíràn sì wà nílé ìdáná wa tí ìyá tirẹ̀ ti kú. Bàbá tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiwa pààlà wá, ó mú ọ̀bẹ jáde lápò, ó bó awọ òkú ọmọ náà láti ọrùn dé ìdí, ó fi ihò mẹ́rin sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. A gbé awọ náà wọ ọmọ òrukàn. Awọ ṣì gbóná. Ìyá àgùntàn gbóòórùn ìdí rẹ̀, ó yí i po, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun tí wọn kì í fi pe ẹlòmíràn àfi ọmọ tiwọn. Ọmọ náà ti wà nídìí ọmú. Nígbà tí awọ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, a bọ́ ọ kúrò, ìyá kò sì bìkítà mọ́. Bàbá yìí kò sọ̀rọ̀ kankan títí ó fi lọ. Ọjọ́ kejì ló tó wá bi mí ní ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi àlejò níbí: ọmọ ta ni mí, níbo làwọn bàbá mi ti wá. Mo ní Ìdànrè, orí òkè. Ó ní ta ló wà nídìí ilẹ̀ náà báyìí. N kò rí èsì fún un.

Òtútù kọ́ ló le jù, afẹ́fẹ́ ni. Ó ti gbé ilé ọ̀rá tí mo gbin ata sí lọ sínú oko ẹlòmíràn, mo lọ ṣa á ní ẹyọ-ẹyọ. Tó bá jà, ọkọ̀ ojú omi kì í rìn, búrẹ́dì á tán ní ṣọ́ọ̀bù, gàrí mi á sì di oúnjẹ ọlọ́lá. Ní ìparí oṣù Kejìlá, ó di lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án kí oòrùn tó yọ, ó sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Nígbà ooru ẹ̀wẹ̀, kantíkantí ibí ń mu ẹ̀jẹ̀. Àwa nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú ní abúlé. Wọ́n ń wò wá, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń wo ọgbà tó yí oko mi ká, bóyá mo ti tún un ṣe tàbí n kò tíì tún un ṣe, èyí ló sì ń dẹ́rù bà mí jù.

Ẹ máa fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nínú ìsìn tí wọ́n ń fi Gaelic, èdè ìbílẹ̀ ibí, ṣe, kò sí dùùrù, kò sí ìlù. Ìjókòó ni wọ́n fi ń kọrin, ìdúró ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Ọkùnrin kan níwájú á lé ìlà Sáàmù, ìjọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀ kó tó parí, kálukú á sì máa fa ohùn tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Mo sunkún nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, n kò sì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Nítorí náà, n kò ní padà, Àǹtí. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá. Ẹ wá ní oṣù kẹfà, nígbà tí ilẹ̀ kì í ṣú tán. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Inverness, ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé Ullapool, ọkọ̀ ojú omi á gbé yín dé Stornoway láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, èmi á sì dúró dè yín. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, ẹ má sá aṣọ síta o, ojú á tì mí. Tí ẹ bá fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí oko Ìdànrè, ẹ kó ìwé ilẹ̀ náà dání, gbogbo rẹ̀, àti èyí tí ẹ kò fi han bàbá mi. Ẹ bá mi ra ata gbígbẹ, ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì lọ̀, àti gàrí Ìjẹ̀bú, èyí tó kan dáadáa. Ẹ má mú bàtà gogoro wá.

Ọmọ àbúrò yín