Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó kó lọ sí etí òkun

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí, ìró òkun ni mo gbọ́ jù níbẹ̀. Ẹ kú ìṣílé. Ilé á tura.

Okun Ajah tí ẹ kó lọ yìí dára fún ọmọ, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ó máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, atẹ́gùn ń fẹ́, yanrìn sì ń bẹ tí wọ́n lè fi ṣeré títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ kó wọn lọ wo ọ̀bọ ní Lekki Conservation Centre. Afárá orí igi ibẹ̀ gùn tó mítà 401. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má wọ òkun. Ibi tó pa rọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì, tó dà bíi pé kò léwu, ibẹ̀ gan-an ló ń fa èèyàn. Ẹni tó bá gbé kó má bá a jà o: kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun títí á fi bọ́, kó tó kọrí sílẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ ò bi mí kí ẹ tó ra ilé náà? Èmi tí mo ń fi símẹ́ńtì jẹun! Bí wọ́n bá fi yanrìn òkun po kọnkéré, iyọ̀ rẹ̀ á jẹ irin inú òpó. Irin tó dógùn-ún a máa wú, á sì la kọnkéré láti inú. Ẹ fi òòlù kan ìdí òpó yín; bó bá dún bí agbè òfìfo, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Létí òkun, kọnkéré tó bo irin yẹ kó nípọn tó mílímítà 50.

Bí ọṣẹ kò bá hó nínú omi borehole, ó lè jẹ́ pé iyọ̀ ti wọ̀ ọ́. Ẹ má fà á tán lẹ́ẹ̀kan, àfàjù ló ń gbé omi iyọ̀ gòkè. Ẹ fi omi tó dáa ṣan ẹ̀yìn éésì lóṣooṣù. Ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024 gba àgbègbè yín; ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ wo ibi tí àlà yín dé.

Ṣé ẹ rántí Alpha Beach, lọ́dún Iléyá yẹn? Igi àgbọn tí ẹ so bàtà mi mọ́ ti wà nínú òkun báyìí, òun àti títì. Bàtà kan ṣoṣo ni mo wọ̀ délé. Màmá bi yín títí, ẹ ò dáhùn, títí wọ́n fi lọ.

Lánlọ́ọ̀dù mi tún ti fowó kún owó ilé. Yàrá ẹ̀yìn tí ẹ ní iyọ̀ ti jẹ páànù rẹ̀ yẹn, ṣé ẹnìkan ti wà níbẹ̀?