Àjàní, má tíì da oògùn yẹn nù

Àjàní ọkọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná. O ní itan ń ro ọ́ látìgbà tí dókítà ti kọ atorvastatin, oògùn tó ń fa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, fún ọ, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ kan ti bá ọ ra kápúsù ìrẹsì pupa àwọn ará Ṣáínà (red yeast rice), pé ewé àti egbò lásán ni, kò ní kẹ́míkà.

Kápúsù yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ohun tó ń fa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ nínú ìrẹsì yẹn ni monacolin K. Òun náà ni wọ́n ń pè ní lovastatin, ọ̀kan nínú statin, ìdílé oògùn ọ̀rá tí atorvastatin rẹ wà, òun sì ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí nínú wọn ní 1987. Oògùn tó ò ń sá fún lo tún fowó ara rẹ rà, o ò sì mọ iye tó wà nínú hóró kan, torí ìgò kan yàtọ̀ sí èkejì. Òmíràn tiẹ̀ máa ń ní citrinin tó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ti itan tó ń ro ọ́, mi ò sọ pé irọ́ lò ń pa. Èmi nọ́ọ̀sì yìí, ní ọdún tí ẹsẹ̀ ń ro mí, mo ti oògùn ọ̀rá tèmi bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, mo wá ń mu àgbo tí mo rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan nínú mọ́tò. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ara mi yá gágá. Ìgbà tí mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ọ̀rá ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá kì í ro èèyàn, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé ó ti lọ. Títí dòní bàbá rẹ ò mọ̀.

Ní London tó o wà yẹn, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní 2020. Wọ́n kó 60 èèyàn tó ti jáwọ́ nínú statin nítorí ìnira ara, wọ́n ń fún wọn ní statin loṣù kan, hóró òfìfo tí kò ní oògùn kankan nínú loṣù mìíràn, oṣù mìíràn sì wà tí wọn ò fún wọn ní nǹkan kan. Nínú gbogbo ìnira tí statin fún wọn, hóró òfìfo fún wọn ní nǹkan bí 90 nínú 100. Ìyẹn ò ní ká fọwọ́ rọ́ tìrẹ sẹ́yìn o. Jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ọ́ wò, kó dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ezetimibe wà, inú ìfun ló ti ń dènà ọ̀rá. Bempedoic acid wà fún àwọn tí statin ò bá lára mu: inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣiṣẹ́ nínú ẹran ara. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún náà wà, inclisiran, àmọ́ àwọn tí ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti bá jà rí ni wọ́n ń fún níbẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Abọ́ ọ́ọ̀tì ńlá kan lójúmọ́ lè fa ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní LDL, wálẹ̀ bíi 5 nínú 100, ẹ̀wà náà ń ṣe tiẹ̀. Statin tó lágbára lè gé e sí ààbọ̀. Ìwọ náà rí i pé wọn kì í ṣẹgbẹ́.

Epo wá ni tiyín. Nígbà tí mo wá lọ́dún Kérésì, ìgò epo pupa yín ti dì gbagidi lórí káńtà, ìyàwó rẹ ń kì í bọ omi gbígbóná kó tó lè dà á. Bí ìdajì epo yẹn ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń dì bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń gbé ọ̀rá burúkú sókè. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ro ẹ̀fọ́. Àmọ́ ẹ̀fọ́ tiyín ń lúwẹ̀ẹ́ nínú epo! Ṣíbí méjì tó ìkòkò kan. Kó o sì máa sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú tìrẹ, kó o lè máa rí 150 ìṣẹ́jú rìn lọ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ tó o bá ń lọ rí dókítà, gbé ìgò kápúsù yẹn dání. Má fi pa mọ́ fún un bí mo ṣe fi tèmi pa mọ́ fún bàbá rẹ.

Bá mi bẹ ìyàwó rẹ nítorí ọ̀rọ̀ epo.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.