Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Mẹkáníìkì Òṣogbo Lórí Àyẹ̀wò Èéfín Mọ́tò Àtijọ́

Sí ẹ̀yin alága àti káńsẹ́lọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Òṣogbo, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ àyíká àti ojú títì kàn,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ ò ní rí àgbákò lẹ́nu ẹ̀. Àwa mẹkáníìkì, àwọn ríwáyà, àtàwọn tó ń tún kábúrétọ̀ àti nọ́súlù tó ń fún ẹ́ńjìnì lépo ṣe la kọ ìwé yìí. A jókòó lé e lórí ní mítìn wa, a dẹ̀ ní ká kọ ọ́ bá a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu gan-an, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé àwa fúnra wa la kọ ọ́. Ohun tá a fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: mọ́tò àtijọ́ lè yege àyẹ̀wò èéfín, tí wọ́n bá fún wa láyè láti múra ẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n bá dẹ̀ fi ẹ̀rọ wò ó, kì í ṣe ojú lásán.

A ò kọ̀wé láti ní kẹ́ ẹ má yẹ mọ́tò wò o. Tẹ́ ẹ bá dúró ní Ọláìyá nírọ̀lẹ́ tí gbogbo èèyàn ń darí sílé, ojú á ta yín, ọ̀fun á gbẹ. Àwa la dẹ̀ ń fa èéfín yẹn jù, àwa àtàwọn ọmọ iṣẹ́ wa tó ń dorí kodò sídìí sàlẹ́ńsà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí èéfín mọ́tò onípẹtiróòlù àti onídísẹ́ẹ̀lì ti wà láti 2011, a mọ̀ ọ́n, a fara mọ́ ọn. Bí àwọn kan ṣe ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀hún lójú títì ló ń dùn wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti kọ́sítọ́mà ọ̀kan nínú wa. Bàbá yìí ń fi Peugeot 504 kó ata àti tòmátì wọ̀lú, irú àwọn 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna láti 1975, mọ́tò yẹn dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń tún un ṣe lọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ọyẹ́ mú gan-an, mọ́tò ò tíì gbóná rárá, àwọn kan dá a dúró, wọ́n rí nǹkan funfun tó ń jáde nídìí ẹ̀, wọ́n ní èéfín ni, wọ́n wọ́ mọ́tò lọ tòun tẹrù. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ wọn, gbogbo ata yẹn rà, owó tí bàbá fi ra ọjà kì í dẹ̀ ṣe owó ara ẹ̀, ó yá a ni. Bẹ́ẹ̀ omi lásán nìyẹn o! Omi tó sẹ̀ sínú sàlẹ́ńsà lóru ló ń gbóná tó ń di oru, tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná dáadáa ó ti tán.

Tó bá jẹ́ pé funfun yẹn ò dáwọ́ dúró, tí omi rédíétọ̀ náà dẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ìgbà yẹn la máa sọ pé tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, tó ń dí omi mọ́ kó má wọ ibi tí epo ti ń jó, ti jó. Èyí tó bá láwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, rìngì tàbí síìlì fáàfù tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ló ti lọ. Dúdú ní tiẹ̀, epo ló pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń wò ó kó tó sọ̀rọ̀. Àmọ́ èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ kò láwọ̀ rárá, kò lóòórùn. Carbon monoxide ni, gáàsì olóró kan, òun náà ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu fèrèsé sùn, òun náà ló dẹ̀ ń jáde nídìí mọ́tò tí epo ẹ̀ pọ̀ jù. Mọ́tò tí ẹ ò rí èéfín kankan nídìí ẹ̀ lè máa tú u jáde ju ti bàbá aláta yẹn lọ, ojú ò ní rí i, imú ò ní gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ nìkan ló lè kà á, ìdí tá a ṣe ń bẹ yín nìyẹn.

Nǹkan tó ń jẹ́ kí mọ́tò àtijọ́ kùnà, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í tóbi. Ó lè jẹ́ fíltà afẹ́fẹ́ tí eruku ti dí pa, àbí púlọ́ọ̀gì tó ti gbó, tí iná ẹ̀ ò tàn dáadáa mọ́, tí epo tí kò jó wá ń gba sàlẹ́ńsà jáde tó ń lọ bá kátálíìsì, ìyẹn nǹkan inú páìpù èéfín tó ń sọ gáàsì olóró di èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, á sun ún níbẹ̀ títí á fi yọ́. Hóòsì tó sán tó ń fa afẹ́fẹ́ níbi tí kò yẹ náà ń ṣe é, ọ́ìlì tí wọn ò pààrọ̀ fọ́dún kan náà ń ṣe é torí epo ti wọ inú ẹ̀, oru ẹ̀ á máa padà sínú ẹ́ńjìnì. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín, tó bá ti darúgbó, á máa parọ́ fún bréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, bréènì á gbà á gbọ́, á tún da epo sí i. Kódà ìdérí táńkì epo tí ò pa dé dáadáa lè mú kí iná ẹ́ńjìnì tàn sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sí èyí tá ò lè tún ṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀.

Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀, a sọ ọ́ ní mítìn, a ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń yọ tamọsítáàtì, ìyẹn fáàfù tó ń dá omi ẹ́ńjìnì dúró títí á fi gbóná, sọ nù, a máa ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò. Irọ́ ni. Ẹ́ńjìnì tí kò ní tamọsítáàtì kì í tètè gbóná tó bó ṣe yẹ, bréènì á máa rò pé òtútù ṣì ń mú un, á máa da epo sí i. Bákan náà làwọn kan nínú wa ń gé kátálíìsì, wọ́n ń tà á fáwọn tó ń gbé ìwọ̀n kiri, wọ́n á wá jó páìpù lásán síbẹ̀, ẹni tó ni mọ́tò gan-an lè má mọ̀. A ti fẹnu kò pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá tún ṣe é láìsọ fún ẹni tó ni mọ́tò máa fojú ba ìjókòó ẹgbẹ́. Àmọ́ àwọn tó ń rà á, apá wa ò ká wọn. Tiyín ló ká wọn, ẹ bá wa dá sí i.

Ní ti kábúrétọ̀, etí la fi ń ṣètò ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kílò 14.7 ni epo kílò kan fẹ́ kó tó jó tán, a ò dẹ̀ ní nǹkan tá a fi ń wọ̀n ọ́n, ńṣe là ń yí sìkúrúù díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnì á fi jókòó. Bí àwọn ọ̀gá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, etí yẹn dẹ̀ dáa, a ò bú u. Ṣùgbọ́n etí ò lè sọ iye carbon monoxide tó kù. Ohun àkọ́kọ́ tá à ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: ẹ bá wa gbé ẹ̀rọ tó ń ka èéfín kan sínú ọgbà mẹkáníìkì, ẹyọ kan ṣoṣo. A ó máa san owó nígbàkigbà tá a bá lò ó, ẹ̀yin lẹ ó yan ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀. Tí mọ́tò bá ti ọ̀dọ̀ wa kúrò, a ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa rí kẹ́ ẹ tó rí i.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ mọ́tò wò tó bá ti gbóná. Kátálíìsì kì í ṣiṣẹ́ ní tútù, àfi tó bá gbóná dé nǹkan bí 250 sí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kéèyàn wa mọ́tò láti ibí dé Ẹdẹ kó padà, ó ti tó. Tí wọ́n bá wá tò ó sórí láìnì fún wákàtí méjì ní pípa, gbogbo ooru yẹn ti lọ, mọ́tò tó dáa á kùnà. Tó bá dẹ̀ jẹ́ skánà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ mọ́tò láti ka ohun tó wà nínú bréènì ẹ̀, ni wọ́n fẹ́ lò fáwọn tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láti 1996 wá, ẹ jọ̀ọ́ kí wọ́n mọ̀ pé tá a bá ti yọ orí bátìrì, bréènì á gbàgbé gbogbo àyẹ̀wò tó ti ṣe fúnra ẹ̀, ó lè gbà á tó ọjọ́ mélòó kan lójú títì kó tó ṣe é tán. Skánà á ní kò tíì ṣetán. Kò tíì ṣetán yàtọ̀ sí kò yege, kí wọ́n ní kó padà wá ni, kì í ṣe kí wọ́n bu owó lé e.

Mọ́tò tó bá wá kùnà lóòótọ́, ẹ fún un ní ìwé tó sọ iye tí ẹ̀rọ kà, kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó padà wá láìsan owó tuntun. Ẹ má wọ́ ọ lọ. Dẹ́rẹ́bà tí mọ́tò ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín, níbo ló ti máa rówó tún un ṣe? Láti May 2023 tí ìrànwọ́ epo ti lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí mọ́tò òun máa jẹ epo, èyí tó ń tú dúdú dẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ jù, tí wọ́n bá ráyè àwọn fúnra wọn á gbé e wá. Iye tí tòkunbọ̀ wá dà báyìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn mọ́tò àtijọ́ yìí náà la máa ṣì máa gùn.

Ẹ mú ọjọ́ kan fún wa, ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. A ó gbé mọ́tò àtijọ́ mẹ́ta wá síwájú yín, 504 kan, Camry kan àti bọ́ọ̀sì onídísẹ́ẹ̀lì kan, ẹ fi ẹ̀rọ yín wò wọ́n ká tó fọwọ́ kàn wọ́n, kẹ́ ẹ tún wò wọ́n lẹ́yìn tá a bá tún wọn ṣe. Owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa la ó gbé e.

Àwa tiyín,
Àwa mẹkáníìkì, ríwáyà àti oníkábúrétọ̀ ìlú Òṣogbo