Orí fífọ́ yìí kì í ṣe ti parasitámọ́ọ̀lù nìkan

Ìbàdàn

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà tí o kọ láti yunifásítì rẹ ní England, àyà mi sì já. O ní orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́, o kì í rí oorun sùn, ìwé ò sì wọlé mọ́. Jọ̀ọ́, má kà wọ́n sí àìsàn mẹ́ta. Àníyàn ló ń lé oorun, àìsùn ń fa orí fífọ́, orí tó ń fọ́ kò jẹ́ kí ìwé yéni, ìyẹn náà á tún dá kún àníyàn.

Parasitámọ́ọ̀lù tí o ń lò ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá ń lò ó fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó sì ti lé ní oṣù 3, oògùn yẹn gan-an lè máa fọ́ ọ lórí. Èyí tí wọ́n po kaféènì (èròjà inú kọfí) mọ́, bíi Panadol Extra, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó láti fa á. Tí o bá dá a dúró, orí náà á kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Má tìtorí ìyẹn padà sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe é lọ́sẹ̀ ìdánwò. Kọfí ní tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa dín in kù, torí ẹni tó já a lójijì, orí á fọ́ ọ láàárín wákàtí 12 sí 24.

Máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó lọ, oorun tí o sùn, oògùn tí o lò. Tó bá fún orí yíká bíi gèlè tí wọ́n wé le jù, àníyàn ló sábà ń wà nídìí rẹ̀. Tó bá ń lù kìkì lápá kan, tí èébì ń gbé ọ, tí o ò lè wo iná, ó jọ túúlu, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Gbé àkọsílẹ̀ náà lọ bá GP, dókítà àdúgbò rẹ. O ti san owó ìlera pọ̀ mọ́ ti físà, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ kí o tó rí i. Tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ń bá ọ, sọ ọ́ fún un pẹ̀lú. Àwa Yorùbá a máa ní “orí ń fọ́ mi, ara ń ro mí”, nígbà tó jẹ́ pé ọkàn ló gbọgbẹ́.

Ní England níbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ tí ìjọba ń ṣe, láìdúró de dókítà. Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè 9 nípa ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá. Ìkẹsàn-án ń béèrè bóyá ikú ń wù ọ́. Má purọ́ níbẹ̀.

Kọ̀wé sí ẹ̀ka rẹ ní yunifásítì láti tọrọ àfikún àkókò kí ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò wọlé tó pé, kí o sì fi ìwé dókítà tì í. Tí èsì bá ti jáde, ó máa ń ṣòro kí wọ́n tó gbọ́. Dín iṣẹ́ alẹ́ tí o ń fi gba owó kù pẹ̀lú. Òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ gba wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà, kò ní kí o lò ó tán.

Tí orí bá ṣàdédé fọ́ ọ lọ́nà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, tàbí tí ibà bá dé tí ọrùn sì le, tàbí tí apá kan ara kú tipiri, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, ni kí o pè lójú ẹsẹ̀.

Kọ̀wé sí mi tí o bá ti rí GP.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Fẹ́mi