Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti rí lẹ́sìn nóòtù, ètò ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ, tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí n tó sùn, mo tún kà á láàárọ̀ àná nígbà tí iṣu wà lórí iná. Orí mi wú. Ọmọ tí mo kọ́ ní a, b, d lẹ́bàá ààrò ìyá rẹ̀ ní Ìkéré níbí ni àwọn ọmọ SS1 ń dìde kí báyìí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà.

O ní kí n sọ òótọ́ ohun tí mo bá rí fún ọ, kí n má wo ojú rẹ. Ohun tí mo rí ni pé nóòtù náà ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ju ọ̀rọ̀ ọmọ lọ. Níbi Instructional Materials, ìlà mẹ́fà gbáko ni o kọ: pirojẹ́kítọ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká, sípíkà, fídíò méjì, sláìdì 16. Níbi tó yẹ kí o kọ ohun tí ọmọ máa lè ṣe nígbà tí agogo bá lù, ìlà kan ṣoṣo ni: "Students should be able to understand the th sounds." Ta ló máa rí "understand" lójú ọmọ? Ohun tí a lè gbọ́ lẹ́nu ọmọ ni kí o kọ síbẹ̀. Kọ ọ́ pé nígbà tí 40 ìṣẹ́jú bá pé, ọmọ á lè pe three, á sì lè pe tree, ẹni tó jókòó tì í á sì mọ èwo ló pè nínú méjèèjì láìwo ìwé. Tí o bá ti kọ ìyẹn tán, ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa pa sláìdì rẹ́.

Mo mọ ìdí tí o fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ yín ṣe gudugudu méje, wọ́n ra ẹ̀rọ fún ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀gá yín sì ń fẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ ń lò ó. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi to fídíò àti sláìdì jọ lórí bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Nígbà tí ọjọ́ pé, a kó ọmọ 65 sínú yàrá kan, a fi aṣọ dí fèrèsé kí àwòrán lè hàn. Okùn pirojẹ́kítọ̀ ò bá ti kọ̀ǹpútà mu. A ránṣẹ́ wá òmíràn. Ká tó rí i tàn, ìṣẹ́jú 18 ti lọ, kò sì pẹ́ tó tàn ni wọ́n mú iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ ò jẹ́ ká gbọ́ ohun tí fídíò ń sọ. Ooru mú wa. Ọmọbìnrin kan wà níwájú tó ti ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀, tó di báírò mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ma, ṣé ká kọ nǹkan sílẹ̀ ni?" Ojú ewé tó wà níwájú rẹ̀ funfun báláú.

Mi ò tíì gbàgbé ojú ewé yẹn. Nígbà tí mo délé, mo mú ètò mi wò, mo wá rí i pé ká ní iná ò lọ, ká ní okùn bá ara mu, ojú ewé yẹn ì bá ṣì funfun bẹ́ẹ̀. Mi ò fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ fún ọwọ́ ọmọ náà, mi ò fi sílẹ̀ fún ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ fún.

Àwa Èkìtì la ni iyán, o sì mọ ohun tí àwọn àgbà wí: bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Yíyó yẹn ni kí o kọ́kọ́ kọ sínú nóòtù, ká tó wá mọ̀ bóyá odó la máa lò tàbí ewé.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń kọ́ wọn ní th báyìí. Fóònù kan ni mo ń lò, tèmi fúnra mi, torí wọn ò gba ọmọ láyè láti mú fóònù wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, àti sípíkà kékeré kan tó ń lo Bluetooth. Láti ilé ni mo ti ń gba ohùn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì méjì: three, tree, thin, tin, thank, tank. Mẹ́wàá ti tó. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, etí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á dijú, màá tẹ ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó bá gbọ́ three á na ìka kan, ẹni tó bá gbọ́ tree á na méjì. Ó di dandan kí wọ́n dijú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìka ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n máa wò. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ọmọ tí etí rẹ̀ ò tíì gbé e, mo sì ń kọ orúkọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ nóòtù mi, torí ọmọ tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ ò lè pè é.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹnu. Màá ní kí wọ́n fi ṣóńṣó ahọ́n sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn jáde. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, torí nílé wa, ẹni tó bá yọ ahọ́n sí èèyàn, ó ń fi onítọ̀hún ṣẹ̀sín ni. Jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Ìró yẹn ò sí nínú Yorùbá, ahọ́n wọn ò dé ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Màá wá pín wọn sí ọ̀wọ́, ọmọ mẹ́fà mẹ́fà. Ọ̀wọ́ tí fóònù ò tíì kàn á máa kọ gbólóhùn mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ kà sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó lásán. Tó bá kàn wọ́n, wọ́n á kà á, a ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Ní sáà tó kọjá, ọmọkùnrin kan ka tirẹ̀ pé, "My father has three farms." Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, tree farms ló jáde. Ó yanu. Ó ní, "Ma, èmi kọ́ nìyẹn. Three ni mo pè." Mo tún un tẹ̀. Ó tún gbọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dákẹ́, ó na ọwọ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ẹnu, mo rí ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀ láàárín eyín, ó ní three. Ó ń pè é lábẹ́lẹ̀ títí agogo fi lù. Àbẹ̀kẹ́, láti JSS3 ni mo ti ń tọ́ka àṣìṣe yẹn fún ọmọ yìí. Kò gbà mí gbọ́ rí, torí nínú orí tirẹ̀, three ló ń pè. Ohun tí èmi àti ṣọ́ọ̀kì ò lè ṣe ni ẹ̀rọ ṣe yẹn: ó dá ohùn ọmọ padà sí etí ọmọ. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni wàá gbà lẹ́nu mi, gba ìyẹn.

V àti z náà ń fẹ́ irú ètò kan náà, torí van ń di fan lẹ́nu wọn, rise ń di rice.

Ẹ̀bùn kan sì wà tí àwọn ọmọ wa gbé wá láti ilé, tí àwọn tó ṣe fídíò tí o wà jáde ò mọ̀ nípa rẹ̀. Etí wọn mọ ohùn. Ọmọ tó mọ ìyàtọ̀ igba, igbá àti ìgbà láti kékeré, kò yẹ kí stress, ìyẹn títẹ apá kan ọ̀rọ̀ ju apá yòókù lọ, le fún un tó bí a ṣe ń mú un le. Bẹ́ẹ̀ náà, ọmọ Èkìtì tó ń pe ulé nílé, tó sì ń pe ilé ní kíláàsì, ti mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ ẹnu láìsí pé ẹnìkan kọ́ ọ. Sọ ọ́ fún wọn kí orí wọn wú. Record ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀: tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, iwájú la ti ń tẹ̀ ẹ́, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ̀yìn la ti ń tẹ̀ ẹ́. Import, export, present náà bẹ́ẹ̀. Ibí gan-an ni pirojẹ́kítọ̀ yín ti máa wúlò. Tí èèyàn bá ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn ìlà kan máa ń ga, wọ́n máa ń rẹlẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Gbé e sára ògiri, kí ọmọ pe record lọ́nà méjèèjì, kó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tó ti tẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan á sọ fún ọ nínú yàrá olùkọ́ pé kí o má da ara rẹ láàmú, pé orí ìwé ni WAEC ti ń ṣe Test of Orals, ìdánwò bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè 60 láàárín ìṣẹ́jú 45, kí ọmọ ṣáà ti mọ èyí tó yẹ kó mú. Má gbọ́. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ti pe ìró náà ò ní máa méfò lórí ìwé.

Ní ti àròkọ, mo rí i pé o fẹ́ fi àwòrán Ìkọ́gòsì kọ́ wọn ní descriptive essay, àròkọ alápèjúwe. Ó wù mí. Ibi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ti pàdé, tí ẹ lè fi han ọmọ láìná owó ọkọ̀! Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ò tíì débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé àwòrán á wà lára ògiri títí ẹ̀kọ́ á fi parí. Fi í hàn wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rí ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí o pa á. Kọ "pa á" sínú nóòtù rẹ gan-an, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí wàá pa á. Wá bèèrè ẹni tó ti débẹ̀ rí nínú wọn, kí ó jáde síwájú, kí àwọn yòókù máa bi í ní Gẹ̀ẹ́sì: báwo ló ṣe rí lẹ́sẹ̀ rẹ nígbà tí o wọ inú omi? Òórùn wo lo gbọ́? Àwòrán ò lọ́wọ́ọ́wọ́, kò sì tutù. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ló mọ̀ ọ́n, àwọn ìbéèrè yẹn ló sì máa fún àwọn yòókù ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ.

Ohun kan wà tí o ò kọ rárá, mo sì fẹ́ kí o fi í kún ètò sáà yìí: kíka àyọkà lójú kọ̀ǹpútà. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, sórí kọ̀ǹpútà. Use of English ló ni 60 nínú ìbéèrè 180 tí wọ́n ń dáhùn láàárín wákàtí méjì. Ọmọ tó ti máa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn láti kékeré á débẹ̀, kò ní rí ibi tó máa fà á sí. Fi àyọkà sára ògiri, kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe kọ́kọ́ ka ìbéèrè, bí wọ́n á ṣe fi ọ̀rọ̀ méjì péré sàmì sínú ìwé ráàfù tí wọ́n bá ti rí ibi tí ìdáhùn wà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ akọ̀wé inú fóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, ló bá ọ kọ apá kan nóòtù náà. Snow wà nínú àpẹẹrẹ rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣí tablet rẹ̀. Kò burú kí o lò ó, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà ní kíláàsì rẹ fún un: ọmọ 52, 40 ìṣẹ́jú, pirojẹ́kítọ̀ kan, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, iná lè lọ nígbàkigbà. Lẹ́yìn náà ni kí o wá ní kó bá ọ wá ọ̀rọ̀ tàbí gbólóhùn, kí o sì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ní ti iná, fa ìlà sí àárín nóòtù, kí o kọ "bí iná bá lọ" sí apá kejì, kí o sì kọ ohun tí ẹ máa ṣe níwájú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilé ni kí o ti wa gbogbo fídíò jáde. So okùn mọ́ àpótí pirojẹ́kítọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yá a lọ. Lọ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí o rí i bóyá ọmọ ibẹ̀ lè ka ohun tí o kọ.

Tún nóòtù náà kọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀. Tí o bá sì ń bọ̀ nílé ní òpin oṣù, gba ohùn àwọn ọmọ rẹ sílẹ̀ wá fún mi. Iyán á wà nílẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ three wọn.

Èmi ni àǹtí rẹ,
ní Ìkéré-Èkìtì